Bẹ́líìtì Nọ́ńbà Méje

Bí aládìyẹ ṣe ń ka òròmọdìyẹ wọlé nírọ̀lẹ́ ni Wùnmí ṣe ń ka bàálù láràárọ̀. Mẹ́ta á lọ, mẹ́ta á bọ̀. Láti iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ránṣọ ní Sabon Gari, lápá ibi tí ó kángun sí Noman's Land, òrùlé páànù àti wáyà iná kì í jẹ́ kí ó rí ojú ọ̀run dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ ìró wọn, ìró tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n dé mọ́ inú agolo. Tí ìkẹta bá ti kọjá padà, á mí kanlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì ẹ̀rọ rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàálù ló kàn án. Múyìwá ló kàn án. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ojú wọn ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà gbé ohùn kan jáde tí ó dà bí oyin tí wọ́n yọ́ lórí iná, tí ìwé orin sì bọ́ lọ́wọ́ Wùnmí láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú tí ó lọ wò ó kò padà sílé mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ológun ti ń kọ́ èèyàn ní wíwa bàálù ni Múyìwá wà, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí ó gba ìyẹ́ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àyà ẹni tí ó bá yege. Ó sọ fún Wùnmí pé nígbàkúùgbà tí òun bá fò kọjá lókè ojú irin, òun máa ń wo ìsàlẹ̀, òun á sì sọ fún ara òun pé ọkàn òun wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, ó ń rán síìpù mọ́ ṣòkòtò oníṣòkòtò. Ó ní Nọ́ńbà Méje ni bàálù tòun. Wùnmí gbà á gbọ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó gbà á gbọ́ kò ju àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní ìjọ wọn, àwọn baba ńlá tí wọ́n bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Kano ni wọ́n fi pákó abẹ́ ojú irin kan àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé títí dòní, wọ́n sì fi irin gbígbóná kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sí i létí. Bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì ni ti ilé wọn. Bí àlejò bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, ẹ̀rín àti ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e dìde. Inú ayé tí àga ti ní ẹni tí ó ni ín ni wọ́n bí Wùnmí sí. Nígbà tí olólùfẹ́ rẹ̀ wá sọ pé Nọ́ńbà Méje ni tòun, kò béèrè ìbéèrè kejì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ooru oṣù Kẹta, Múyìwá tẹ̀lé e wálé lẹ́yìn ìsìn kí ó lè kí bàbá rẹ̀. Kò dá wá. Nàfíù bá a wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ bàálù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí Nàfíù, ṣùgbọ́n Hotoro ni wọ́n bí òun sí, bí ó bá sọ Yorùbá ẹyọ kan, Hausa méjì á tẹ̀lé e. Aláwàdà ni. Kò tíì jókòó tí ó ti ń pe Wùnmí ní amarya, ìyàwó tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìyàwó.

Bàbá Wùnmí, Ọlọ́runṣẹ́gun, ń ta bátìrì ọkọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi bí ọ̀rọ̀ ìjọba bá délẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, ó jẹ́ kí wọ́n mu omi, ó wá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Mò ń san haraji, owó orí ìjọba," ó ní, "mò ń san owó ọjà, mò ń san ti ìdọ̀tí tí wọn kì í kó. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bàálù tí kò kó èrò, tí kò bá ọ̀tá jà, tí ó kàn ń gòkè tí ó ń sọ̀ lórí wa láràárọ̀, kí ló ń ṣe fún èmi tí mo ṣì ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa?"

Múyìwá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti múra sílẹ̀. "Bàbá, ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, ta ni yóò gbé tírélà lé lọ́wọ́? Bàálù ńlá tí ó ń lé àwọn agbébọn nínú igbó, bí ẹ bá fi ẹni tí kò mọwọ́ rẹ̀ sí i, ọkọ̀ á lọ, awakọ̀ á lọ, àwọn ará abúlé tí ó bá já lé lórí náà á lọ. Èyí tí ẹ ń pè ní ìnáwó yìí ló kéré jù nínú ìnáwó."

"Wallahi, Bàbá," ni Nàfíù dá sí i, "ẹ jẹ́ ká kọ́ṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù yín la máa wá, ẹ ó sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ta bátìrì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní òun kò bá wọn jà pé kí wọ́n má kọ́ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ òun lọ́kàn.

"Owó tí wọ́n ní àwọn ná sórí bàálù yẹn, ṣé inú bàálù ló wà? Lọ wò ó, Múyìwá. Ojú rẹ ni kí o fi wò ó. Bí ó bá wà níbẹ̀, padà wá, ká jọ sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò lè fi ọmọ fún ẹni tí afẹ́fẹ́ lásán gbé dání."

Bí wọ́n ti ń lọ, Nàfíù yíjú sí Wùnmí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ó má banú jẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí Bàbá bá gbà, nígbà tí òun bá tún gòkè, òun á yí bàálù òun dojúdé kí gbogbo Kano lè rí ikùn rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ilé kan ń ṣe ìdùnnú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wùnmí náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e ni Adéyanjú dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpò kan lẹ́yìn mọ́tò.

Kọntirakítọ̀ ni Adéyanjú, Tarauni ló ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Bàbá Ṣàràfá ti ń wá. Bàbá Ṣàràfá ni ọ̀gá Wùnmí, ará Ọ̀ffà tí wọ́n bí sí Kano, tí ó ń rán báàgì, tí ó ń rán tapólì, tí ó sì ń tún okùn gàárì ẹṣin ṣe. Ó kọ́ Wùnmí níṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: a kì í bi oníbàárà níbi tí ẹrù rẹ̀ ń lọ.

Adéyanjú tú àpò náà sílẹ̀. Bẹ́líìtì ni, ti ìjókòó mẹ́ta, ó gbó, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti pa á láró kí ó lè dà bíi tuntun. Gbogbo ibi tí wọ́n ti rán an tẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣí. Ó ní bẹ́líìtì bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní kí wọ́n fi òwú báàgì tún un rán, kí wọ́n sì rán táàgì tuntun tí òun mú wá mọ́ ọn létí, Ọjọ́bọ̀ lòun máa kó o. Ó bá Bàbá Ṣàràfá ṣeré díẹ̀ nípa irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó ń funfun, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Wùnmí gbé ọ̀kan. Ó wúwo. Bọ́ọ̀sì wo ló ń de akẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀ ní èjìká méjèèjì àti ní ìbàdí? Ó gbé e súnmọ́ imú. Lábẹ́ òórùn aró, òórùn mìíràn wà níbẹ̀, òórùn epo tí ó mọ̀ bí ó ṣe mọ ara rẹ̀, òórùn tí ó máa ń wà lára Múyìwá bí ó bá gbá a mọ́ra. Ó yí irin ìdè rẹ̀ wò. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ mẹ́rin sí i. Ó gbé èkejì: mẹ́sàn-án. Ó fa ìkẹta súnmọ́ra, ó yí irin rẹ̀ wò.

Méje ni.

Ó gbójú sókè. Bàbá Ṣàràfá ti ń wò ó tipẹ́.

"Wùnmí," ni bàbá náà sọ jẹ́jẹ́, "ohun tí ojú rẹ rí, má jẹ́ kí ẹnu rẹ rí i."

Ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú sí ẹ̀rọ, òwú aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń rán báàgì ìwé, ó sì ki òwú náà bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó wọlé.

Wùnmí mọ òwú yẹn. Báàgì tí ìwé méwàá wà nínú rẹ̀ lè já a. Ó ronú àtisọ fún Múyìwá, ó sì rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni ń wo fíìmù: sọ́jà níwájú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ṣàràfá pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun nínú ọkọ̀ wọn, Múyìwá níwájú àwọn ọ̀gá, tí wọ́n ń bi í pé ta ló sọ fún un. Ó tún rántí ìbéèrè bàbá rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ló wà lórí ẹsẹ̀ òun yìí. Bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ ọ, ìfẹ́ òun ti parí nìyẹn.

Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára agolo mílíìkì tí ó wà lókè pẹpẹ. Òwú gàárì ló wà nínú rẹ̀, òwú líle tí wọ́n fi ìda oyin pa, èyí tí Bàbá Ṣàràfá fi ń rán okùn àwọn ẹṣin tí ó máa ń yọ nígbà ọdún Sáláà. Bàbá náà máa ń sọ pé ẹṣin á kọ́kọ́ kú kí òwú yẹn tó já. Ó ṣí agolo náà. Èyí tí ó kù níbẹ̀ kò lè tó bẹ́líìtì ìjókòó méjì, kò sì sí bí òmíràn ṣe lè dé kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Ọwọ́ ló fi rán ti Nọ́ńbà Méje, ó rán an ní ìlà mẹ́ta-mẹ́ta, ó fà á títí tí òwú fi gé e ní ìka. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ dà bí ìfẹnukonu tí ó ń fi ránṣẹ́ sókè ọ̀run. Nígbà tí ó parí, ó ta kókó pupa kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, tí kò tóbi ju orí èèrà lọ, kí ìfẹ́ rẹ̀ lè máa ṣọ́ olówó orí rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i.

Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ló fi rán wọn, òwú búlúù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tí ó ni wọ́n náà ní ìyá tí ń gbàdúrà fún wọn. Ojú Nàfíù yọ sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀ níta. Ẹ̀rọ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún tẹ pẹ́dàlì.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì, kí wọ́n tó jókòó ni Múyìwá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ ní kí n fi ojú mi wò ó. Mo wò ó. Bẹ́líìtì tuntun ló wà nínú bàálù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, táàgì rẹ̀ ṣì ń dán. Owó yín wà nínú bàálù."

Irú èèyàn tí Ọlọ́runṣẹ́gun jẹ́ ni pé bí ó bá jiyàn tí ó sì jẹ̀bi, kì í fi í pa mọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí Múyìwá, ó ní òun ti fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí òun kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń tọ́jú ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ báyìí, a jẹ́ pé haraji òun kò ṣòfò. Ó wá ní kí àwọn ẹbí Múyìwá máa bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Nàfíù pàtẹ́wọ́ gbẹ̀ẹ́. "Amaryarmu," ó ní, "mo ṣèlérí, kò tíì di ìgbàgbé. Alkawari kaya ne." Ẹrù ni ìlérí: bí àwọn Hausa ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹni tí ó bá gbé e kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n inú Wùnmí ti dàrú, ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ sì tutù bí ilẹ̀ abẹ́ àmù.

Ó sìn wọ́n dé abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níta. Nàfíù yà sọ́dọ̀ oníkílíṣí, ó ku àwọn olólùfẹ́ méjì. Múyìwá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní Ọjọ́rú ni wọ́n máa dán òun wò: òun á yí bàálù dojúdé, òun á fò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí orí òun á kọ sí ilẹ̀, tí bẹ́líìtì nìkan á gbé òun ró, kí òun tó yí i padà. Bí òun bá ti yege nínú ìyẹn, ìyẹ́ di ti òun.

"Nọ́ńbà Méje lo máa gbé, àbí?" Wùnmí kàn sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré ni.

Múyìwá rẹ́rìn-ín. "Èyí tí wọ́n bá kọ síwájú orúkọ mi lára pátákó láàárọ̀ ni. Ìjọba ló ni bàálù, ìfẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò ní tirẹ̀. Méje ni mo kọ́kọ́ dá gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní tèmi."

Wùnmí di ara igi mú. Ó bú sẹ́kún, ó sọ gbogbo ohun tí ó ti gbé mì láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àpò Adéyanjú, òwú búlúù, agolo mílíìkì, kókó pupa. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú kan tí kò lè tán nínú ọkàn obìnrin tí ó nífẹ̀ẹ́, pé ọkùnrin yìí á gbọ́, á sì mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe.

Múyìwá wo ẹ̀yìn Nàfíù lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan.

"Èwo lo ní o fi òwú gàárì rán?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ó wà láyé, ìyẹn ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wùnmí gbọ́ ọ, ó sì dáhùn. Múyìwá mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ohùn oyin yẹn náà ló fi ń sọ ọ́. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á dá gbogbo bàálù dúró, àwọn tí ó dà bíi bàbá Wùnmí á ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, ìgbà tí orílẹ̀-èdè sì nílò awakọ̀ jù ni wọ́n máa tì í. Ó ní ta ni Wùnmí rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ mú? Adéyanjú kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rán an ni. Ó ní òun á bẹ ẹni tí ó ń kọ pátákó kí ó fi Méje fún òun.

"Nàfíù ńkọ́?"

"Nàfíù ti ṣe ìdánwò ìdojúdé tirẹ̀ kọjá. Ọjọ́rú, á kàn fò gbọọrọ lọ, á fò gbọọrọ bọ̀ ni. Òwú yẹn á gbé e. Jẹ́ kí Ọjọ́rú kọjá, Wùnmí. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, màá lọ bá ọ̀gá wa, màá sọ gbogbo rẹ̀."

Nàfíù ń bọ̀ pẹ̀lú kílíṣí nínú bébà, ó ń jẹ, ó ń pariwo pé ata rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ya èyí tí ó tóbi jù fún Wùnmí. Wùnmí gbà á. Kò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ó gbé fóònù, ó wá orúkọ Nàfíù rí, ó wò ó títí iná ojú fóònù fi kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún gbé e. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó pa á rẹ́. Bàbá Ṣàràfá ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, òwú búlúù ṣì wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi rán báàgì ìwé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàálù kan lọ. Èkejì lọ. Ìkẹta lọ.

Wùnmí kò lè jókòó. Ó sáré gòkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Láti ibẹ̀, ojú èèyàn tó apá Hotoro. Ojú ọ̀run mọ́, kò sí ìkùukùu kankan. Ó gbọ́ ọ̀kan tí ó ń padà bọ̀, ó kọjá lókè ojú irin. Ọ̀kan. Èkejì tẹ̀lé e, ó fò kọjá jẹ́jẹ́ bí ẹyẹ tí ó mọ ilé. Méjì. Ó ń dúró de ìkẹta. Ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán lókè Hotoro, ó kéré bí abẹ́rẹ́, ó ń bọ̀ gbọọrọ.

Lẹ́yìn náà, ó yí.

Ó yí jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹwà, ikùn rẹ̀ sì kọ mànà nínú oòrùn bí ikùn ẹja. Ìgbà náà ni Wùnmí tó rántí ẹrù tí Nàfíù gbé. Ilé kan ń ṣe ìdùnnú. Bàbá ti gbà.

"Yí padà," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Nàfíù, jọ̀ọ́, yí padà."

Bàálù náà kò yí padà. Imú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó tún tẹ̀ sí i, bí ẹni tí ó ń wá ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn àwọn òrùlé lọ́hùn-ún. Kò sí ariwo kankan. Aṣọ àwọn aláṣọ ń fẹ́ lórí okùn.

Fóònù rẹ̀ dún lọ́wọ́. Múyìwá ni, ẹ̀rín kún ohùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Mo ti balẹ̀. Mo yege, Wùnmí. Méje ni wọ́n fún mi. Nígbà tí bàálù dojúdé, mo fi ìka kan kókó pupa rẹ."

"Nàfíù ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Nísàlẹ̀, Bàbá Ṣàràfá ti jáde síta pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó ń wo apá Hotoro níbi tí èéfín dúdú kan ti ń gòkè tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbójú sókè wo Wùnmí. Múyìwá ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ nínú fóònù, ó ń bi í bóyá ó ń gbọ́ òun, ṣùgbọ́n Wùnmí ti na etí sí ojú ọ̀run, ó ṣì ń retí ìkẹta.